Ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu àwọn ará Czech: bí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣe lè kọ́ ọ

"Piješ mi krev."

Ìyá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀ sí mi, ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo dé ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní ìlú Brno, ní ilẹ̀ Czech. Mo ti bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin, nípa ibi tí a ó kó àwọn ìgò kéékèèké tí ẹ̀jẹ̀ ti kún sí. Wọ́n gbé bírò wọn kalẹ̀, wọ́n wò mí lójú, wọ́n sì là á. Czech tí mo gbọ́ nígbà náà kò tó nǹkan, àmọ́ mo mọ̀ pé "piješ" ni "ò ń mu", mo sì mọ̀ pé "krev" ni ẹ̀jẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Níbi tí wọ́n bí mi sí, bí ẹnì kan bá là á mọ́ ẹ lójú pé ò ń mu ẹ̀jẹ̀ òun, àjẹ́ ló pè ẹ́ yẹn, ẹbí á sì ti pé lé e lórí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìgbà tí mo délé ni mo yẹ ìwé atúmọ̀ èdè wò: "you're getting on my nerves". Ọ̀rọ̀ mi ti sú wọn ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́jọ báyìí. Ẹ̀jẹ̀ ni mo ń fà lára àwọn ènìyàn láti aago mẹ́fà àárọ̀. Àwọn ọmọ wa tó ń bọ̀ wá kọ́ ìṣègùn ní Brno, ní Olomouc tàbí ní Hradec Králové máa ń wá bá mi, nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn nínú kíláàsì, ṣùgbọ́n Czech ni aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ń sọ. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni mo fẹ́ kọ síbí: ẹ lo Gẹ̀ẹ́sì láti wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ṣùgbọ́n kí ẹ tó la ẹnu, ẹ kọ́kọ́ bi Yorùbá léèrè. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ilé Yorùbá ló sún mọ́ ilé wọn jù.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi pípè bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìtìjú wà. Wọ́n ń kọ ọ́ ní "krev", àmọ́ v tó bá wà ní ìparí ọ̀rọ̀ máa ń di f, nítorí náà "kref" ni ẹ ó gbọ́. Ahọ́n wa kò fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì dúró ti ara wọn. Òun ló sọ "bread" di búrẹ́dì. Odindi oṣù mẹ́fà ni mo fi ń pè é ní "kẹ̀rẹ́fù", tí àwọn àgbàlagbà ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Èyí tó tún wá le ni pé bí ọ̀rọ̀ náà bá ti yí ìrísí padà, fáwẹ̀lì àárín á sá lọ: krev á di krve, á di krvi, á di krví. Ẹ má wá fáwẹ̀lì fún un. R ni fáwẹ̀lì ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ahọ́n gbọ̀n lórí r náà bíi jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà tí kò tíì fẹ́ jí: kr-r-r-ve. Ẹ fi "krk" dánra wò, ọrùn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, kò ní fáwẹ̀lì kankan rárá.

Àwa tí a ń kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì ni ohun kejì yìí máa ń tàn jẹ. Ẹ máa rí á, é, í nínú ọ̀rọ̀ wọn, ojú yín á sì sọ fún yín pé ohùn òkè ni. Kì í ṣe ohùn o. Gígùn fáwẹ̀lì ni àmì yẹn ń tọ́ka sí. Nínú "krevní", ẹ fa ìparí rẹ̀ gùn, ẹ má gbé e sókè. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń tẹnu mọ́ nígbà gbogbo. Ẹ̀bùn kan wà níbẹ̀ ṣá: š wọn ni ṣ wa gan-an, ẹ ò ní wàhálà kankan pẹ̀lú ìyẹn.

Ó yá, ẹ mú ìwé àjákọ kan, kí ẹ pín ojú ewé kan sí mẹ́ta. Ọ̀lẹ ni Gẹ̀ẹ́sì níbi yìí. "Blood" ni á kàn gbé síwájú ọ̀rọ̀ mìíràn, ó parí: blood group, blood brother, blood pressure. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ la kàn ń gbé ẹ̀jẹ̀ sí. Czech kò gbà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni wọ́n ní, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ẹ ń fẹ́. "Krevní" ni ti ilé ìwòsàn àti ti ìwé: krevní skupina ni ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀, krevní destičky ni ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní platelets, èyí tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, krevní obraz sì ni full blood count, àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń ka ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Obraz yẹn, àwòrán ni. Wọ́n ń ya fọ́tò ẹ̀jẹ̀ yín. "Krvavý" ni ohun tí ẹ̀jẹ̀ ti kàn tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bò, bí báńdéèjì tó ti rin. "Pokrevní" ni ti ìbátan, ẹni tí ẹ jọ jẹ́ ọmọ bàbá tàbí ọmọ ìyá.

Mo ti fi ẹnu ara mi rí ìjìyà ọ̀rọ̀ yìí. Ọkùnrin kan mú àbúrò rẹ̀ wá, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n. Mo bi í pé: "Je to váš krvavý bratr?" Ọkùnrin náà yí padà kíá, ó ń yẹ àbúrò rẹ̀ wò láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Pokrevní ni ó yẹ kí n sọ. Ẹ tún kíyè sí i pé krevní kì í yí padà yálà ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e jẹ́ akọ tàbí abo, ṣùgbọ́n krvavý á di krvavá, á di krvavé. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù, krevní lẹ kọ́kọ́ dì mú.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀jẹ̀ sí nínú, tí ará Czech kì í sábà fi sí i lẹ́nu ojoojúmọ́. Blood pressure, krevní tlak ló wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó níwájú yín á kàn sọ pé "mám vysoký tlak", ìfúnpá mi ga. Blood sugar, "cukr" lásán. Ìyá kan láti Ìbàdàn wá kí ọmọ rẹ̀, wọ́n pè mí láti túmọ̀ fún dókítà. Màmá ní ẹ̀jẹ̀ òun ń ru. Ká ní mo túmọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, dókítà ì bá ti pe ọkọ̀ pàjáwìrì. "Má vysoký tlak," ọ̀rọ̀ parí. Ní ìdà kejì, anaemia, ìyẹn àìtó ẹ̀jẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi èdè Gíríìkì bò mọ́lẹ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ilé tiwọn fún un: chudokrevnost. Chudý ni òtòṣì, tálákà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ ti tòṣì, ohun tó ń sọ nìyẹn, mi ò sì mọ èdè tó sọ ọ́ dára jù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà, ẹ má sọ PCV, tí a fi ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára, ojú ni wọ́n á máa wò yín. Hematokrit ni kí ẹ wí.

Imú tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ni àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù. Gẹ̀ẹ́sì ní "my nose is bleeding": imú ló ń ṣe iṣẹ́. Czech ní "teče mi krev z nosu": ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn fún mi láti imú. Ẹ fi Yorùbá sọ ọ́: ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní imú mi. Ẹ ò rí i? Ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń rìn nínú èdè wa àti tiwọn. Ẹni tó bá gba ojú Gẹ̀ẹ́sì lọ á wá "krvácet" jáde, á sì sọ ọ̀rọ̀ kan bí ìwé dókítà. Kì í ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n ọmọdé tó ń sunkún kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bákan náà ni nǹkan oṣù. Gẹ̀ẹ́sì ní "period", tí kò ní ojú, tí kò ní imú. Àwọn obìnrin ibí ní "měsíčky". Měsíc ni oṣù tó wà lójú ọ̀run, òun náà sì ni oṣù tí a ń kà lórí kàlẹ́ńdà, gẹ́gẹ́ bí oṣù tiwa ṣe jẹ́ méjèèjì. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mi ò gbàgbé ẹ̀ mọ́. Ìsọ̀rọ̀ àdúgbò mìíràn tún wà, "krámy", ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ níwájú dókítà.

Ní ẹnu iṣẹ́ wa, ohun tó wà lára ilẹ̀kùn ni "Odběry krve". Ẹ ṣọ́ra: "blood test" tí ẹ mọ̀ jẹ́ ohun méjì níbí. Odběr ni fífà ẹ̀jẹ̀. Rozbor ni yíyẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá fún odběr, ẹ má dúró dè èsì ní kọ́rídọ̀. Wọ́n á tún sọ pé "nalačno", ìyẹn ni pé kí ẹ má tíì fẹnu kan oúnjẹ. Mo bi ọmọ wa kan bóyá ó ti jẹun. Ó ní, "Rárá o, àǹtí, tíì àti búrẹ́dì lásán ni mo mu." Mo dá a padà sílé. Fún àwa, ẹni tí kò tíì rí àmàlà kò tíì jẹun, àmọ́ ẹ̀rọ tó ń ka ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kò mọ ìyẹn.

Bí ẹ bá jókòó, wọ́n á so okùn rọ́bà mọ́ yín lápá. "Zatněte pěst": ẹ di ìkúùkù. "Trošku to píchne": á ta yín díẹ̀. Iṣan wa kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn sójú, àwọn nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ á sì máa gbá apá yín pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́, wọ́n á máa yí iná fìtílà sọ́tùn-ún sósì. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n di ojú. Ìka ni kí wọ́n fi wá a, ní ibi tí ìgbọ̀nwọ́ ti ń ṣẹ́ po, bí ẹni ń wá okùn tí a kì bọ inú abẹ́ ṣòkòtò. Ibi tó bá rọ̀ tó sì ń ta padà, ibẹ̀ ni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń wọ inú ìgò, wọ́n á ní "povolte", ẹ tú ọwọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, "přitlačte", ẹ tẹ òwú náà mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá bi yín pé "Netočí se vám hlava?", orí yín kò yí, àbí? Òyì ni wọ́n ń béèrè. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń fi "vy" sọ, "vy" yẹn sì ni "ẹ" wa. "Ty" ni "o". Gẹ̀ẹ́sì tó ní "you" kan ṣoṣo fún ọba àti ọmọdé kò lè kọ́ yín ní èyí, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ti mọ̀ ọ́n. Ìyá tó ní mò ń mu ẹ̀jẹ̀ àwọn, "piješ" ni wọ́n sọ, nítorí àgbà ni wọ́n. Èmi kò gbọ́dọ̀ dá a padà fún wọn bẹ́ẹ̀. "Pijete" ni yóò jẹ́, bí mo bá tiẹ̀ láyà.

Bí wọ́n bá béèrè ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ yín, tí ẹ sì jẹ́ O positive, ẹ má pe lẹ́tà O. "Nula pozitivní" ni: òdo ni wọ́n ń kà á sí. Ẹ má sì fojú kéré wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ọmọ ilẹ̀ wọn wà nínú ìtàn rẹ̀. Jan Janský, dókítà àwọn alárùn ọpọlọ ní Praha, ń wádìí bóyá ẹ̀jẹ̀ ló ń fa wèrè. Kò rí ìyẹn. Ohun tó rí, tó sì kọ sílẹ̀ ní 1907, ni pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn pín sí ọ̀nà mẹ́rin. Dókítà mìíràn, Landsteiner ní Vienna, ti rí mẹ́ta ṣáájú rẹ̀ ní 1901. Àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, tí wọ́n ń pè ní dárci krve, máa ń gba àmì ẹ̀yẹ tó ń jẹ́ orúkọ Janský: ti idẹ bí wọ́n bá fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, ti fàdákà ní ogún, ti wúrà ní ogójì. Bàbá arúgbó tó bá ní ti wúrà á sọ fún yín kó tó jókòó.

Àmọ́ genotype yín, ẹ gbàgbé. Ní ilé wa, AA, AS ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìfẹ́. Níbí, bí ẹ bá sọ fún dókítà ẹbí pé "genotyp AS", á rò pé ẹ ń sọ̀rọ̀ ìwé sáyẹ́ǹsì kan ni. Orúkọ àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ni srpkovitá anémie, srp sì ni dòjé. Ẹni tó jẹ́ AS á sọ pé "jsem přenašeč srpkovité anémie"; obìnrin á ní přenašečka. Ẹ kọ gbólóhùn yìí sínú fóònù yín lónìí, pàápàá bí ẹ bá lóyún.

Nísinsìnyí, àwọn àkànlò èdè. Àwọn kan rọrùn, wọ́n bá Gẹ̀ẹ́sì mu pátápátá: modrá krev ni blue blood, má to v krvi ni it's in his blood, dělat zlou krev ni dídá ìjà sílẹ̀ láàárín ènìyàn. Ẹ kàn kọ́ wọn, kí ẹ kọjá. "Blood is thicker than water" di "krev není voda", ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe omi. Àwa tí a ní okùn ọmọ ìyá yi, a ò tilẹ̀ nílò ẹ̀jẹ̀ láti sọ ọ́. "Flesh and blood" ni kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí wọ́n ju ẹ̀jẹ̀ nù, wọ́n fi egungun rọ́pò: z masa a kostí, ẹran àti egungun.

"In cold blood" ló lè fa ìjà. Chladnokrevně wà lóòótọ́ fún apànìyàn tí kò mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa yìn mí lọ́jọ́ kan tí ọkùnrin kan dákú mọ́ mi lọ́wọ́, wọ́n ní mo ní chladnokrevnost. Inú bí mi títí di ọjọ́ kejì. Ìfarabalẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò gbé sókè nígbà tí gbogbo ayé ń pariwo. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìyìn nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Èyí tí mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara mi ni ti ẹ̀rù. Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀jẹ̀ òun di tútù. Czech ní "krve by se ve mně nedořezal": bí ẹ bá tilẹ̀ fi ọ̀bẹ gé mi, ẹ ò ní rí ẹ̀jẹ̀ kán. Mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nínú šalina, bí àwọn ará Brno ṣe ń pe ọkọ̀ ojú irin inú ìgboro, lọ́jọ́ tí ayẹ̀wé-ìwọkọ̀ dúró sí mi lórí, tí tíkẹ́ẹ̀tì mi ṣì mọ́ roro nínú báàgì láìlù ú.

Ẹ má túmọ̀ "bloody" tí àwọn ará Britain máa ń sọ bí nǹkan bá bí wọn nínú sí krvavý láé. "Krvavý autobus" kì í ṣe bọ́ọ̀sì tó pẹ́ kó tó dé. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n pa ènìyàn sí ni. "Zatracený" ni ẹ ń wá. Ibi tí krvavý ti wúlò ni ilé oúnjẹ: bí ẹ bá pàṣẹ steak, wọ́n lè bi yín bóyá krvavý ni ẹ fẹ́. Ẹ yára sọ pé "propečený", kí iná lè jó o dénú.

Níwọ̀n bí a ti dé ìdí oúnjẹ, ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ ẹ̀jẹ̀, ẹ fetí sílẹ̀. Ní ìgbà òtútù, ní abúlé, wọ́n máa ń pa ẹlẹ́dẹ̀ pẹ̀lú àríyá, zabijačka lorúkọ rẹ̀. Wọ́n á gbé ohun méjì tó jọ ìfun tí wọ́n rọ nǹkan sí wá. Èyí tó dúdú ni jelito, ẹ̀jẹ̀ àti ọkà báálì ló wà nínú rẹ̀, òun ni black pudding àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tó funfun díẹ̀ ni jitrnice, ẹ̀dọ̀ ló wà nínú ìyẹn. Ọbẹ̀ dúdú kan tún wà, prdelačka, ẹ̀jẹ̀ ló sọ ọ́ dúdú. Ibi tí orúkọ náà ti wá, ìdí ni, mi ò ní ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Je v tom krev?" ni kí ẹ béèrè. Wọn kì í bínú. Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kó dúró ti kéèkì.

Tábìlì irú àríyá bẹ́ẹ̀ ni mo ti gbọ́ "holka krev a mlíko", ọmọbìnrin ẹ̀jẹ̀ àti wàrà. Bàbá kan ló fi yin ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, tí ara rẹ̀ le koko. Kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú ohun tí Gẹ̀ẹ́sì máa sọ níbẹ̀. Bàbá náà yíjú sí mi, wọ́n wò mí, wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní èmi jẹ́ krev a čokoláda. Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Èyí tó kù ni ẹ ò ní rí nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì kankan. Tí ará Czech kan kò bá fẹ́ràn ìwà ẹnì kan, á ní "to není moje krevní skupina", kì í ṣe ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ mi. Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ fẹ̀yìn tì ní ọdún tó kọjá. Ní ọjọ́ tí a ń dágbére, wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n ní "ty jsi moje krevní skupina". Mo fi Yorùbá dá wọn lóhùn pé ẹ̀jẹ̀ wa bára mu, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn lẹ́yọ-lẹ́yọ. Wọ́n ní àbí mo ti gbàgbé pé A ni wọ́n, tí èmi sì jẹ́ nula.